Ẹkùn Mẹ́ta Lórí Tábìlì Télọ̀

Igi yáàdì tó fi ń wọn aṣọ ni Múdàṣírù fi ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà.

“Tú u ká, kí o tún un tò,” ó wí.

Àdìzát, ọmọ ọdún mẹ́fà, gun orí àpótí kó lè rí orí tábìlì tí bàbá rẹ̀ fi ń gé aṣọ. Ègé aṣọ mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Kákí ni Àríwá, ó fẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹ̀wù ọlọ́pàá. Àdìrẹ ni Ìwọ̀ Oòrùn. Tẹ́rú funfun ni Ìlà Oòrùn. Ara kàlẹ́ńdà kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri ni Múdàṣírù ti wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ, ó sì gé e wẹ́kú, bí ó ṣe máa ń gé ọrùn ẹ̀wù àti apá ẹ̀wù fún gbogbo àdúgbò Ìjánà. Kò pẹ́ tó kírun Àsùbáà tán ló ti fa ọmọ náà dìde lórí ẹní. Ọyẹ́ ń mú, oorun ò sì tíì dá lójú ọmọ.

“Ẹkùn mélòó ló wà?”

“Mẹ́ta ni, Bàbá.”

“Dárúkọ wọn.”

Ohùn Àdìzát gbéra bí ìgbà tó bá ń ké wàláà nílé-kéú: “Àríwá, olú-ìlú rẹ̀ Kàdúná, ẹ̀pà ni wọ́n ń gbìn. Ìwọ̀ Oòrùn, olú-ìlú rẹ̀ Ìbàdàn, kòkó ni wọ́n ń gbìn. Ìlà Oòrùn, olú-ìlú rẹ̀ Ẹnúgù, epo pupa ni wọ́n ń ṣe.”

“Àwa ńkọ́?”

“Ìwọ̀ Oòrùn ni wá.”

“Ó dáa. Àríwá lókè, Ìwọ̀ Oòrùn lápá òsì, Ìlà Oòrùn lápá ọ̀tún. Tò ó.”

Ọmọ náà fi kákí sókè. Èyí kò ṣòro. Ó mú tẹ́rú lọ́wọ́, ó wò ó bí ẹni tó ń wo apá ẹ̀wù tí wọn ò tíì rán mọ́ ara rẹ̀. Fèrèsé wà lápá kan tábìlì náà, áyọ́ọ̀nù èédú sì wà lápá kejì. Ó fi tẹ́rú síbi áyọ́ọ̀nù, ó fi àdìrẹ síbi fèrèsé.

Igi yáàdì bà á léjìká.

“Ọ̀tún ni mo wí! Ọ̀tún!”

“Ọ̀tún náà ni mo fi í sí, Bàbá.”

“O tún ń lanu dá mi lóhùn?”

Igi náà tún bà á.

Lẹ́yìnkùlé, Ràfátù ìyá ọmọ ń din àkàrà. Gbogbo ìgbà tí igi bá ró, ó máa ń dá ṣíbí dúró nínú epo. Kò wọlé. Àná ló ti sọ tirẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, èsì tó gbà ṣì wú sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Bàbá Àdìzát,” ó ké láti ẹ̀yìn, “ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun. Ẹ̀kọ ti ń tutù.”

“Kò ní jẹun. Ebi ni yóò la etí rẹ̀.”

“Etí rẹ̀ ò dí. Ṣebí ó ka gbogbo rẹ̀, kò ṣì í.”

“Kíkà lásán kọ́ ni mo ní kó ṣe. Bí Tíṣà bá gbé àwòrán ilẹ̀ kalẹ̀ lónìí, tí ọmọ yìí nàka sí Ìbàdàn tó pè é ní Ẹnúgù, ṣé ìwọ lo máa lọ bá wa bẹ̀ wọ́n?”

Ràfátù da àkàrà mìíràn sínú epo, epo sì pariwo fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ọdún yẹn ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sọ pé kí ẹnikẹ́ni má san owó ilé-ìwé mọ́, àwọn ọmọ sì ya bo ilé-ìwé bí ẹ̀gà ṣe ń ya bo oko àgbàdo. Èyí tí àwọn mùsùlùmí kọ́ sí ọ̀nà Ìdíròkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ọjọ́ yìí ni wọ́n máa kọ orúkọ kẹ́yìn. Wọn kì í béèrè ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí ta ló ní in? Ọmọ á gbé ọwọ́ gba àárín orí kọjá sódì kejì. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí, ó tó ilé-ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, ó di àmọ́dún, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé àmọ́dún náà yóò jẹ́ ọ̀fẹ́.

Àdìzát kúrú. Láti ìgbà ọdún Iléyá ni Ràfátù ti ń fi òrí ra á lápá lójoojúmọ́, tí ń fà á, tí ń kọrin sí i, bí ẹni ń fa rọ́bà. Ní ìrọ̀lẹ́ ìjẹta, ìka àárín fara kan etí òsì. Ó kàn án ṣín-ún, bí eṣinṣin ṣe ń bà lé ẹnu ife. Ìyá àti ọmọ jó yí àgbàlá po.

Jìbírílù ló wá da omi tútù sí i. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, kò sì sí ìròyìn tí kì í kọ́kọ́ gba ìsọ̀ rẹ̀ kọjá. Ó ní àwọn ọmọ tí ìka wọn bá kan etí díẹ̀ báyìí, Tíṣà máa ń bi wọ́n ní ẹkùn Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní kó máa lọ.

Òun náà ló wá yọ lẹ́nu ọ̀nà wàyí, pákò lẹ́nu.

“Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Nàìjíríà ò tíì parí?”

“Orí kunkun ló ń bá mi jà.”

Jìbírílù fi pákò tọ́ka sórí tábìlì. “Àdìzát, kí ni wọ́n ń pe kákí yìí?”

“Àríwá ni, Bọ̀ọ̀dá.” Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí Àríwá fi gba aṣọ tó báyìí? Ṣé aṣọ ò kárí àwọn tó kù ni?”

Jìbírílù bú sẹ́rìn-ín, pákò fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. “Yéè! Ọmọ télọ̀! Ohun tí àwọn olóṣèlú ń tìtorí ẹ̀ bú ara wọn n'Ìbàdàn nìyẹn o.”

“Òyìnbó ló gé e,” Múdàṣírù wí. “Kì í ṣe èmi.”

“Ká ní oníbàárà ni wọ́n gé e fún, ì bá ti dá a padà.”

Múdàṣírù ò rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. “Jìbírílù, ìwọ mọ̀wé. Bí akódà kọ́ọ̀tù bá nawọ́ ìwé sí ọ, o mọ ibi tó kọjú sí. Èmi ni wọ́n gbá létí níwájú kọ́ọ̀tù nítorí pé mo dorí ìwé kodò mú. Ọmọ mi ò ní jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.” Ó yíjú sí ọmọ. “Tò ó!”

Kákí lókè. Tẹ́rú síbi áyọ́ọ̀nù. Àdìrẹ síbi fèrèsé.

Àdìzát ti mọ̀ kí igi tó dìde. Ó gbé apá ọ̀tún bo orí. Igi yáàdì náà kì í ṣe igi lásán. Idẹ ni wọ́n fi dé e lẹ́nu kó má baà jẹ, idẹ náà ló sì bà á ní ìgúnpá. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi eyín ṣẹ́ orógbó. Ọmọ náà ò ké lójú ẹsẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn ò jáde, ó ré bọ́ láti orí àpótí, aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá a wálẹ̀. Ìgbà tí ohùn wá dé, àwọn adìẹ ẹ̀yìnkùlé tú ká.

“Dìde!” Igi bà á lẹ́yìn. “Dìde kí o tò ó! Ọ̀tún! Kí ni ọ̀tún? Kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀tún?” Igi bà á ní itan.

Jìbírílù di igi náà mú. “Télọ̀, ó tó! Ẹ máa pa á!”

“Ṣé ìwọ lo bá mi bí i?” Múdàṣírù fi ìgúnpá gbún un lẹ́nu. Jìbírílù fi ẹ̀yìn lu ilẹ̀kùn, pákò bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì bò ó léyín.

Ràfátù ti wọlé. Kò ké, kò bẹ̀bẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó gbé áyọ́ọ̀nù tí iná ń pọ́n nínú rẹ̀, ó sì dúró sáàárín ọkọ rẹ̀ àti ọmọ.

“Nà án lẹ́ẹ̀kan sí i,” ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn gbọ́ ọ. “Nà án, kí n fi èyí tẹ ojú rẹ bí ọrùn ẹ̀wù.”

Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pe ọkùnrin náà ní “ìwọ” rí. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ yẹn ya Múdàṣírù lẹ́nu ju iná lọ.

“Èmi lò ń wí fún?”

“Ìwọ.”

Múdàṣírù na igi sí i. Idẹ ba Ràfátù lọ́rùn ọwọ́, áyọ́ọ̀nù bọ́, ìdérí rẹ̀ ṣí, ẹyin iná fọ́n sílẹ̀. Ràfátù fò mọ́ ọn. Ó ki eyín bọ ọwọ́ tó di igi mú, kò sì jẹ́ kó lọ. Múdàṣírù ń fi ọwọ́ kejì lù ú lórí, lù ú lẹ́nu, òun náà ń rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń gbá tábìlì, wọ́n ń gbá ògiri. Kàlẹ́ńdà já bọ́. Ẹyin iná kan ti bà sórí kákí, Àríwá ń rú èéfín. Àdìzát fa ara rẹ̀ lọ sábẹ́ tábìlì, apá kan rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

“Ẹ gbà wá o! Télọ̀ ti fẹ́ pa aya pa ọmọ!” Mùíbátù, obìnrin tó ń gbé yàrá iwájú, ló ké bẹ́ẹ̀. Ó gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀, ó dà á lé wọn lórí àti lé iná lórí. Omi náà ló tú wọn ká.

Èrò ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Kí ló fà á?”

“Wọ́n ní Kàdúná ni.”

“Ta ní ń jẹ́ Kàdúná? Ṣé ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ ni?”

“Èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ nínú ilé yìí. Láti ìjẹta ni mo ti ń gbọ́ orúkọ ẹ̀.”

“Ọkùnrin ò láyọ̀lé!”

Bàbá àgbàlagbà kan gba ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin kọjá, ó ní, “Múdàṣírù, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Òsì tìrẹ dà?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kó nà án jàre,” ọkùnrin kan dá sí i láti ẹ̀yìn. “Ẹgba ló ń la ọpọlọ ọmọ. Àwa náà jẹ ẹ́. Kí ló ṣe wá?”

Ojú kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ní. Gbogbo Ìjánà ló mọ ohun tó fọ́ ìkejì, wọ́n sì mọ ọwọ́ tó fọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni Morónfólú, ìyá Múdàṣírù, bá wọn. Ilé àbúrò rẹ̀ ní Àtàn ló sùn, ẹrù pákí ṣì wà lórí rẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó wo ẹnu Jìbírílù. Ó wo Ràfátù tí ètè rẹ̀ ti là. Ó wo igi.

“Ìyá, ẹ káàbọ̀,” Múdàṣírù wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú omi.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. “Àdìzát. Ọkọ mi. Máa bọ̀.”

Ọmọ náà ò jáde títí ó fi rí i pé igi ti kúrò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà fi ìka tẹ ìgúnpá náà díẹ̀díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lókè, ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀. Ó ti wú bí ọ̀dùnkún.

“Kò ṣẹ́,” ó wí. “Ṣùgbọ́n kò ní ṣeé gbé sókè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ràfátù, gbé omi gbígbóná wá. Mú òrí wá.”

Ọ̀rọ̀ òrí yẹn ló mú Ràfátù bú sẹ́kún. Òrí tó fi ń fa apá náà gùn láti Iléyá ló ń lọ mú wá.

“Ìyá,” ó ń sunkún, “òní ni wọ́n fẹ́ wọn ọwọ́ ẹ̀. Òní, Ìyá. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni.”

Múdàṣírù gbé ojú sókè láti ilẹ̀ tó wà. Ó jọ pé ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀.

Ìyá àgbà ń ra apá ọmọ. “Kí lo ṣe fún bàbá rẹ?” ó bèèrè.

“Wọ́n ní kí n fi Ìlà Oòrùn sápá ọ̀tún.”

“O kò wá fi sí i?”

“Mo fi sí i, Ìyá. Ní gbogbo ìgbà ni mo ń fi sí i.”

“Ṣe é kí n rí i.”

Àdìzát fi ọwọ́ òsì ṣa àwọn aṣọ náà nínú omi. Kò tò wọ́n sórí tábìlì. Ó kọ́kọ́ fi kákí tó jó lẹ́tí gba àyà rẹ̀ lókè, ó fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó wá mú tẹ́rú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà ọ̀tún ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wo ẹ̀wù lára.

“Ọ̀tún rẹ̀ rèé,” ó wí. “Bàbá ló kọ́ mi. Wọ́n ní ọ̀tún ẹ̀wù, ọ̀tún ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, á bọ́ síbi áyọ́ọ̀nù, lápá òsì yín.”

Jìbírílù gbé orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wo ọmọ, ó wo tábìlì, ó tún wo ọmọ. “Láìláhà-ílálláà,” ó wí lábẹ́ ohùn.

Òótọ́ ni. Kò sí ọmọ télọ̀ tí kò mọ òfin yẹn. Nínú àwẹ̀ tó kọjá ni Àdìzát gbé apá òsì ẹ̀wù kan fún bàbá rẹ̀ dípò ọ̀tún, àbàrá méjì ni Múdàṣírù sì fi kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ dáadáa. Kò ṣì í láti ìgbà náà.

“Múdà,” ìyá rẹ̀ pè é.

“Ìyá.”

“Ta ló máa wọ Nàìjíríà?”

Lẹ́yìnkùlé, àkàrà ti di èédú nínú epo, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Mùíbátù ló lọ sọ ìkòkò kalẹ̀.

*

Wọ́n lọ sílé-ìwé bẹ́ẹ̀ náà. Ràfátù ló ní kí wọ́n lọ. Ó fi ọ̀já so apá ọmọ mọ́ ọn láyà, ó fi ìborí bo ètè ara rẹ̀, ó sì jáde láìwẹ̀yìn. Múdàṣírù dé fìlà, ó tẹ̀ lé wọn. Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ẹrù kan tó ń bọ̀ láti Ìdíròkò da eruku pupa bò wọ́n, kò sì sí ẹni tó bú awakọ̀.

Àwọn ọmọ tò láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé-ìwé dé ìdí igi ọ̀pẹ kan. Tíṣà Àpọ́nlé jókòó lórí àga lábẹ́ ìbòòji, ṣòkòtò rẹ̀ funfun, pàṣán wà lábíyá rẹ̀. Kò fi na ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi ń tọ́ka ni.

“Gbé e. Gba àárín orí. Ó tó. Ẹlòmíì.”

“Gbé e. Fà á. Kò tó. Ìyá, ẹ máa lọ fún un ní ẹ̀wà jẹ, ẹ padà wá lámọ́dún.”

“Tíṣà, ẹ ṣàánú wa.”

“Ṣé èmi ni mo gé ọwọ́ ẹ̀ kúrú ni? Ẹlòmíì.”

Bí ọ̀wọ́ náà ṣe ń kúrú, bẹ́ẹ̀ ni Ràfátù ń di èjìká ọmọ mú pinpin. Àwọn kan tí wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń sọ pé ààyè tó kù ò ju ìjókòó bẹ́ǹṣì kan lọ.

Ó kan Àdìzát. Ràfátù tú ọ̀já. Ọmọ náà gbìyànjú. Apá ọ̀tún dìde dé àyà, ó dé èjìká, omi sì dà lójú ọmọ. Apá náà jábọ́.

“Kí ló ṣe é lápá?”

“Ó ṣubú ni, Tíṣà,” Múdàṣírù wí.

Ìborí ti yọ̀ lẹ́nu Ràfátù, kò sì fà á padà. Tíṣà wo ètè rẹ̀. Ó wo ojú eyín tó pọ́n yí ọwọ́ Múdàṣírù ká. Kò bèèrè ohun tó ṣubú lu àwọn yẹn.

“Ẹ bi í ní ẹkùn, Tíṣà,” Múdàṣírù tètè wí. “Ó mọ̀ wọ́n. Kò sí èyí tí kò mọ̀ níbẹ̀.”

“Ẹkùn wo?”

“Ti Nàìjíríà. Wọ́n ní ẹ máa ń bi wọ́n.”

Tíṣà Àpọ́nlé rẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yà á lẹ́nu ni. “Bàbá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ọmọ tí kò tíì mọ ábídí? Wọ́n á dé kíláàsì kẹrin ká tó kọ́ wọn ní ìyẹn.”

Múdàṣírù wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Kó fi òsì ṣe é,” Tíṣà wí. “Òsì náà dọ́gba. Ọmọ, gbé ọwọ́ òsì báyìí, gbé e gba ibí.” Ó fa pàṣán yọ lábíyá, ó sì nà án sókè orí ọmọ láti fi ibi tí ọwọ́ máa gbà hàn án.

Àdìzát rí igi tó dìde.

Ó wólẹ̀ lórí eékún. Ọwọ́ òsì rẹ̀ fò kọjá àárín orí. Ìka rẹ̀ bo etí ọ̀tún pátápátá, ó fa etí náà mọ́ra, ó sì di ojú pa. Ohun tí òrí àti orin ìyá rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ oṣù fà tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù fà á gùn lẹ́ẹ̀kan náà.

“Àríwá,” ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn rẹ̀ tínrín láti abẹ́ apá, “olú-ìlú rẹ̀ Kàdúná, ẹ̀pà ni wọ́n ń gbìn. Ìwọ̀ Oòrùn, olú-ìlú rẹ̀ Ìbàdàn...”

Ìyá kan nínú ọ̀wọ́ náà fi ọwọ́ bo ojú ọmọ tirẹ̀. Pàṣán wà lókè lọ́wọ́ Tíṣà, kò mọ ohun tó máa fi ṣe. Ó sọ ọ́ sílẹ̀ níkẹyìn, ó rọra gbé e sẹ́yìn àga níbi tí ọmọ ò ti ní rí i. Ó wo àwọn ìka kéékèèké tó bo etí náà.

“Ó tó,” ó wí. Ó mú kálàmù. “Ó kọjá tító. Kí lorúkọ ẹ̀?”

“Àdìzát,” Ràfátù wí.

“Ọmọ mi, sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n ti gbà ọ́.”

Àdìzát ò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ti ka ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé Ẹnúgù, ó sì ti tún padà sí Kàdúná. Ràfátù ló gbé e kúrò níbẹ̀ bó ṣe wà, bí ẹni gbé ìkòkò tí kò fẹ́ kó dà nù.

Ní ẹ̀yìn ilé-ìwé, níbi tí èrò ò sí, ó gbé e sílẹ̀ láti tún ọ̀já so. Ọmọ náà ti la ojú, ọwọ́ rẹ̀ ti wálẹ̀. Múdàṣírù dé bá wọn. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé. Ó ti pinnu ohun kan láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò níwájú Tíṣà, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ṣòro fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì sí ọmọ rẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́, kò sí igi níbẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Àdìzát,” ó wí. “Máa bọ̀.”

Ọmọ náà wo ọwọ́ tó ń bọ̀. Ọwọ́ òsì tirẹ̀ dìde bíi ti ìgbà tó rí pàṣán, ó gba àárín orí kọjá. Ìka rẹ̀ kan etí.